Ilé Ẹbí: Ohun Tó Yẹ Kí Ọmọ Yorùbá Tó Wà ní Ìdálẹ̀ Mọ̀ Nípa Jíjogún Ilé Àtijọ́

Kò sí ìpàdé oṣù tí a kì í gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá tán, tí akápò ti gba owó oṣù, ẹnì kan á nàwọ́, á ní wọ́n pe òun láti ilé. Ẹ̀gbọ́n bàbá òun tó ń gbé inú ilé ti kú, òrùlé ti ń jò, wọ́n ní kí àwọn ọmọ tó wà ní Kánò, Kàdúná, Jos àti Port Harcourt wá fojú sí ilé tó jẹ́ tiwọn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí lè má tíì sun inú ilé ọ̀hún ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ láyé rẹ̀. Kò mọ ibi tí ààlà wà, kò mọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ, kò mọ ẹni tó lè ní kó wá àti ẹni tó lè ní kó má wá.

Nítorí náà la ṣe ní ká kó ohun tí a mọ̀ jọ síbi kan, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn lè rí i kà. A kì í ṣe lọ́yà o. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti kóòtù, ẹ wá lọ́yà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìjà ilé ẹbí ni kì bá tí dé kóòtù ká ní àwọn ọmọ mọ ohun díẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí.

KÍ NI ILÉ ẸBÍ?

Ilé ẹbí ni ilé tí ẹnì kan kọ́ tàbí tó rà, tó wá kú láìṣe ìwé ìhágún tí àwọn èèyàn ń pè ní wíìlì. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, bó bá ti kú báyẹn, ilé náà di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kò sí ọmọ kan tó lè nawọ́ sí ògiri kan kó ní tèmi nìyí, àfi bí wọ́n bá ti jókòó pín in. Ohun tí olúkúlùkù ní ni ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀, ẹ̀tọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti ẹ̀tọ́ láti gba nínú owó tó bá ń ti ara rẹ̀ wọlé. Bí ọmọ kan bá kú, àwọn ọmọ tiẹ̀ á dúró síbi tó dúró sí.

Èèyàn tún lè fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé ìhágún pé ilé òun kó di ilé ẹbí, kí ẹnikẹ́ni má tà á. Bó bá sì jẹ́ ilé tó fi owó ara rẹ̀ kọ́ sórí ilẹ̀ tó rà ni, ó lè fi í fún ẹni tó wù ú. Ṣùgbọ́n ìpín tó ní nínú ilé tí òun náà bá nílẹ̀, kò lè fi í sínú ìwé ìhágún fún ẹnì kan, torí kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: bàbá á kú sí Kánò, wọ́n á ka ìwé tó fi sílẹ̀, ìwé náà á ní "ilé mi tó wà ní ilé", nígbà tó jẹ́ pé ilé bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ni.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ILÉ ÀTIJỌ́

Ilé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá kì í ṣe yàrá mẹ́ta àti pálọ̀. Agboolé ni. Àwọn yàrá tò yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú wọn, òrùlé rọ̀ sínú àgbàlá débi pé omi òjò á máa dà sínú ìkòkò. Amọ̀ ni ògiri, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo orí rẹ̀ kí páànù tó dé. Nígbà tí owó kòkó àti owó ọjà wọlé, ọ̀pọ̀ agboolé wó apá iwájú, wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, wọ́n sì kọ ọdún tí wọ́n kọ́ ọ sókè iwájú ilé. Ẹ rìn yíká Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó tàbí Ọ̀ṣogbo, ẹ ó rí irú wọn. Owó tí àwọn bàbá wa pa ní Òkè Ọya àti ní Gánà wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó kọ́ ọ lè má gbé inú rẹ̀ pé oṣù mẹ́ta lápapọ̀ kó tó kú, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ nílé pé òun lọ, òun sì rí nǹkan ṣe.

Yàtọ̀ sí ògiri, àwọn nǹkan mìíràn wà tí ẹni tó jogún ilé jogún mọ́ ọn:

Sàréè. Inú ilé tàbí àgbàlá ni wọ́n ń sin àgbà sí láyé àtijọ́, ibòmíràn ṣì ń ṣe é. Bí ẹ bá ń tún ilẹ̀ yàrá ṣe, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó sùn síbẹ̀.

Ibi ọmọ. Ibi tí wọ́n bá ri ibi ọmọ mọ́ ni wọ́n ka ọmọ sí pé ó ti wá. Torí ẹ̀ ni àgbà ṣe máa ń sọ pé "ibí yìí la rì í mọ́" bí wọ́n bá fẹ́ fi hàn pé ọmọ ilé ni ẹnì kan.

Igi àti kànga. Akòko, ìrókò, ọdán, agbálùmọ̀, ẹni tó gbìn ín àti ìdí tó fi gbìn ín ní ìtàn. Igi sì máa ń jẹ́ àmì ààlà.

Yàrá tí wọn kì í ṣí. Ó lè jẹ́ yàrá egúngún, ó lè jẹ́ ojúbọ, ó lè jẹ́ yàrá tí olórí ẹbí kan kú sí. Àwa tí a ti gba ẹ̀sìn mìíràn kò ní láti bọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n kò yẹ ká fi katakata wó ohun tí a kò bèèrè ìtàn rẹ̀.

Oríkì àti èèwọ̀. Oríkì orílẹ̀ ló ń sọ ibi tí ìdílé ti ṣẹ̀ wá, iṣẹ́ wọn, àti ohun tí wọn kì í jẹ. Orúkọ mìíràn ń gbé ilé dání tààrà, bíi Òpómúléró: òpó tó mú ilé ró. Bí ọmọ bá mọ oríkì ilé rẹ̀, tó dé ìlú tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n, wọ́n á mọ agboolé tí wọ́n máa mú un lọ.

ÌTÀN ILÉ, Ẹ̀RÍ NI

Ọ̀pọ̀ ọmọ ìdálẹ̀ ka ìtàn ilé sí àlọ́. Àwa náà kà á sí bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ná wa ní ẹ̀yìnkùlé ilé wa.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ fún wa bí a bá lọ sílé lásìkò ọdún. Wọ́n ní kí ọmọdé má lọ sídìí igi agbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ní ọ̀sán gangan, pé ìyá kan ń jókòó síbẹ̀. A rò pé wọn ò fẹ́ ká máa gun igi ni. Nígbà tí bàbá wa kú, tí a kó lọ sílé fún ìsìnkú, agboolé tó múlé tì wá ti fa okùn sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n ní ilẹ̀ àwọn dé ibi ògiri wa. Ọ̀rọ̀ di ti baálé. Baálé ní kí á ṣàlàyé bí ilẹ̀ náà ṣe di tiwa. Àwa ọkùnrin márùn-ún tí a ní ṣọ́ọ̀bù, tí a ní ìyàwó àti ọmọ, a ń wojú ara wa. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ bàbá tó bí bàbá wa àgbà nínú wa.

Àbúrò bàbá wa obìnrin kan ló gbà wá. Ó ti dàgbà, ẹni kan ló dì í lápá mú wá. Ó ní, "Ẹ bi wọ́n pé ta ló sùn sídìí agbálùmọ̀." Ó wá sọ ọ́ látòkè délẹ̀: ìyá tó bí bàbá wa àgbà ló gbin igi náà nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì to òkúta yí i ká. Torí kí ọmọdé má baà máa tẹ orí sàréè ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá. Ó ka orúkọ àwọn ọmọ tí ìyá náà bí, ó ka ẹni tó gba ilé lọ́wọ́ ẹni títí dé orí bàbá wa. Baálé ní kí wọ́n lọ ṣán koríko ibẹ̀. A bá òkúta níbẹ̀. Àwọn tó fa okùn ò lè sọ bí ìyá wa ṣe dé orí ilẹ̀ tiwọn. Ọ̀rọ̀ parí lọ́jọ́ náà.

Inú wa dùn, a sì gba ọkọ̀ padà sẹ́nu ọjà. Ìyá náà kú kí ọdún kejì tó pé. Gbogbo ohun tí a kọ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ kò ju ojú ìwé mẹ́rin lọ. Ohun tó kù, ó bá a lọ.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ baálé nìkan ni ìtàn ti ń ṣiṣẹ́. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, ìwé, lílo ilẹ̀ bí ẹni tó ni ín, gbígbé orí rẹ̀ pẹ́, àti níní ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìtàn ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Ṣùgbọ́n ìtàn tí kóòtù fẹ́ kì í ṣe "àwọn bàbá wa ló ni ín". Ó gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó kọ́kọ́ dé orí ilẹ̀, bó ṣe dé ibẹ̀, àti orúkọ àwọn tó gbà á lọ́wọ́ ara wọn láìsí àlàfo títí di òní. Bí ẹ̀gbẹ́ méjì bá mú ìtàn tó takora wá, kóòtù á wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹni tó ṣì wà láyé: ta ló ń gbé ibẹ̀, ta ló ń gba owó ilé, ta ló ń tún un ṣe. Ìdí rèé tí òkúta ìdí igi fi ṣe pàtàkì ju ariwo lọ.

TA NI OLÓRÍ ẸBÍ?

Ẹjọ́ tí gbogbo èèyàn máa ń tọ́ka sí ni ti Lewis àti Bankole ní Èkó, 1908. Olóyè kan tó ń jẹ́ Mabinuori kú ní 1881, ó fi ọmọ méjìlá àti agboolé sílẹ̀. Ohun tí kóòtù sọ níbẹ̀ ni pé bí ẹni tó dá ilé sílẹ̀ bá kú, ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà, tí wọ́n ń pè ní Dáwódù l'Ékòó, ló máa di olórí ẹbí. Bí Dáwódù bá kú, ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ bàbá náà tó kù láyé ló kàn, ì báà jẹ́ ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìlà yẹn kà fún àwọn tó ń sọ pé obìnrin ò lè ṣe olórí ẹbí. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti sọ ọ́ ní kóòtù.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń ṣe tiẹ̀. Ní Ìbàdàn, Mọ́gàjí ni olórí agboolé, láti ibẹ̀ ló sì ti lè bọ́ sórí àkàbà oyè tó lọ sókè dé Olúbàdàn. Níbòmíràn, baálé ilé ni wọ́n ń pè é. Ẹbí sì lè fi ẹnu kò láti yan ẹlòmíràn bí èyí tó dàgbà jù kò bá lè ṣe é.

Iṣẹ́ olórí ẹbí ni kó pe ìpàdé, kó pín yàrá fún ẹni tó bá dé, kó tún ilé ṣe, kó gba owó ilé, kó sì jíhìn owó náà. Olùtọ́jú ni, kì í ṣe olówó ilé.

BÍ WỌ́N ṢE Ń PÍN IN

Ọ̀nà méjì ni Yorùbá fi ń pín ogún. Ìdí igi ni pé kí wọ́n pín in sí iye ìyàwó tó bímọ fún bàbá, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan wá pín tiwọn. Orí ò jorí ni pé kí wọ́n pín in sí iye ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é lówó kó lè yé wa. Ká ní bàbá ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án: ìyàwó àkọ́kọ́ bí mẹ́rin, èkejì bí mẹ́ta, èkẹta àti ìkẹrin bí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó ilé tó wọlé lọ́dún jẹ́ ₦360,000. Bí a bá fi ìdí igi pín in, ìdí kọ̀ọ̀kan á gba ₦90,000. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí á gba ₦90,000 rẹ̀ gbáko, àwọn mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan á gba ₦30,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́rin ìdí àkọ́kọ́ á gba ₦22,500. Bó bá jẹ́ orí ò jorí, gbogbo ọmọ á gba ₦40,000. Ẹ ti rí ibi tí ìjà ti ń wá.

Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ gan-an, ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, ló gbé ẹjọ́ Danmole àti Dawodu lọ. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní orí ò jorí ló bá ìgbà mu. Ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, ní 1962 àwọn adájọ́ Privy Council sì fọwọ́ sí i pé ìdí igi ni àṣà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, pé orí ò jorí jẹ́ ohun tí olórí ẹbí lè lò bí àríyànjiyàn bá dé láàrin wọn. Bó ṣe wà títí di òní nìyẹn. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ orí ò jorí, kí wọ́n fẹnu kò lé e lórí ní ìpàdé ẹbí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀:

Ọmọbìnrin ń jogún bí ọmọkùnrin lábẹ́ àṣà Yorùbá. Pé ó ti lọ sílé ọkọ ò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyàwó ò jogún ilé ẹbí ọkọ rẹ̀ lábẹ́ àṣà, ìdí àwọn ọmọ rẹ̀ ni ti í rí i. Ṣùgbọ́n opó ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé inú ilé náà. Kò sẹ́ni tó yẹ kó kó ẹrù rẹ̀ síta.

Ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe kò sọ ọ́ di tiẹ̀. Èyí kan àwa tí à ń fi owó ránṣẹ́ láti ìdálẹ̀ gan-an. Ẹ lè kan páànù tuntun, ẹ lè fi yàrá mẹ́rin kún un, ilé ẹbí ló ṣì jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ tiyín, ẹ gba ilẹ̀ tó dá dúró lọ́wọ́ ẹbí pẹ̀lú ìwé.

Títà. Bí olórí ẹbí bá ta ilé ẹbí láìgba ẹnu àwọn àgbà ìdí yòókù, kóòtù lè yí i padà, bí àwọn tó kù bá tètè kígbe. Bí ọmọ ẹbí kan lásán bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà ò wáyé rárá lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá tà á bí ẹni pé tòun nìkan ni, òun náà ò wáyé. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni "tètè". Ẹni tó gbọ́ ní Jos pé wọ́n ti ta ilé, tó ní òun á wò ó bó bá di ọdún Kérésì, tó wá jẹ́ kí ọdún mẹ́wàá kọjá, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí fún ẹni tó rà á.

ILÉ TÍ BÀBÁ KỌ́ SÍ ÌDÁLẸ̀

Ilé méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń jogún: ti ìlú wa, àti èyí tí bàbá kọ́ síbi tó ti ṣòwò. Ní 1911 ni ọkọ̀ ojú irin dé Kánò, lẹ́yìn rẹ̀ ni Sabon Gari dìde lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn tó wá láti apá gúúsù. Àwọn ilé kan níbẹ̀ ti di ilé ẹbí ìran kẹta. Wọ́n ní ìtàn tiwọn náà: àwọn tó sápamọ́ sínú yàrá lọ́dún ìjà 1953, àwọn tó ti Ọ̀fà wá tí wọ́n kọ́kọ́ sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó ní yàrá.

Òfin wo ló máa darí irú ilé bẹ́ẹ̀ bí bàbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún? Ibi tí ilé wà nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n á wo irú ẹni tí olóògbé jẹ́.

Bó bá jẹ́ Yorùbá tó ń tẹ̀lé àṣà Yorùbá, àṣà Yorùbá lè tẹ̀lé ilé rẹ̀ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Nínú ẹjọ́ Olowu àti Olowu tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ní 1985, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan ti gbé Benin pẹ́, ó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, ó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ Ọba Benin kó lè di ọmọ ibẹ̀. Nígbà tó kú, kóòtù ní àṣà Benin ni kí wọ́n fi pín ilé àti ilẹ̀ rẹ̀. Lábẹ́ àṣà Benin, ilé tí bàbá gbé tó sì kú sí, Igiogbe, ti àkọ́bí ọkùnrin ni. Ẹni tó bá ti sọ ara rẹ̀ di ọmọ ìlú mìíràn, kó mọ̀ pé ó lè yí bí ogún rẹ̀ ṣe máa pín padà.

Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí tó ń fi Ìsìláàmù ṣe ìgbésí ayé rẹ̀, ìpín ogún ẹ̀sìn lè wọlé: ìyàwó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ọmọ bá wà, wọ́n á pín in láàrin ara wọn bí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ. Ọmọkùnrin gba ìlọ́po méjì ọmọbìnrin. Wàsíyà ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Bó bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé ẹ̀rí ìjọba, òfin ìjọba lè gba ọ̀rọ̀ náà, ìyàwó sì máa ní ìpín tirẹ̀.

Èyíkéyìí tó bá jẹ́, àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ilé ẹjọ́ gíga kí báńkì tàbí ọ́fíìsì ilẹ̀ tó dá wọn lóhùn. Orúkọ ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń wà lórí ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kó yé gbogbo ilé pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ń ṣàkóso fún gbogbo ọmọ ni, ìwé náà ò sọ ilé di tiẹ̀.

Àwọn àgbà tó wà ní Gánà lè sọ fún yín ohun tí àìsí ìwé ń fà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba ibẹ̀ ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ta ilé ní owó yẹpẹrẹ, àwọn mìíràn fi kọ́kọ́rọ́ lé aládùúgbò lọ́wọ́ wọn ò sì rí i mọ́.

ÌTÀN NÌKAN Ò LÈ MÚ ILÉ DÚRÓ

Ilé kan wà l'Ékòó, nítòsí Tinubu Square, tí wọ́n ń pè ní Ìlọ́jọ̀ Bar. 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, irú ilé tí àwọn tó ti Brazil dé mú wọlé. Lẹ́yìn náà ó di ti ìdílé Ọláìyá. Ní 1956 ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Bí ilé tó ní ìwé ìjọba lẹ́yìn bá lè lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ti bàbá wa tó wà ní àdúgbò tí ẹnikẹ́ni ò ti wo ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ìjà ọmọ ìyá ni ẹnu ògiri.

OHUN TÓ YẸ KÁ ṢE

1. Ẹ kọ ìran sílẹ̀: ẹni tó kọ́ ilé, ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ní ìdí-ìdí, ẹni tó ṣe olórí ẹbí tẹ̀lé ẹni. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà kan.

2. Ẹ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ sórí fóònù nísinsìnyí tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹ bi wọ́n ní oríkì, èèwọ̀, sàréè, igi, ààlà, àti ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Ẹ bi wọ́n ní ìdí rẹ̀.

3. Ẹ ya àwòrán gbogbo igun ilé àti àmì ààlà. Bí owó bá wà, ẹ pe awọnlẹ̀ kó ṣe ìwé sọ́fè ní orúkọ ẹbí, kì í ṣe ní orúkọ ẹnì kan.

4. Kí ẹbí ní ìwé ìpàdé. Ìpinnu lórí yàrá, àtúnṣe, owó ilé àti ọ̀nà ìpín, kí ẹnì kan láti ìdí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i.

5. Owó ilé kó lọ sí àkáǹtì ẹbí, kó má kọjá sápò ẹnikẹ́ni.

6. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ rà á kò ní lè ní òun ò mọ̀.

7. Kí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ ìdálẹ̀ máa lọ sílé lọ́dọọdún, kó sùn inú ilé náà, kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Kó mú àwọn ọmọ dání.

8. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń ta ilé, ẹ kọ̀wé lọ́sẹ̀ náà gan-an sí olórí ẹbí àti sí ẹni tó ń rà á, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà.

Ẹgbẹ́ náà ní tiẹ̀ láti ṣe. Ẹgbẹ́ tó ń dá owó ìsìnkú lè ní fáìlì kan tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á fi ìwé ìran ilé rẹ̀ sí. Kò ná ni ju bébà lọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ tí a bí sí ìdálẹ̀ á ti rí ibi tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀.

Àwọn bàbá wa ló sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Wọn ò sọ pé ilé á máa dúró de onílé títí. Ẹni tó bá ṣì ní àgbà nílé, kó pè é lónìí. Kó má bèèrè àlàáfíà nìkan. Kó bi í pé ta ló sùn sẹ́yìn ilé.